Ojú Ìwé Mẹ́rin Tí Julius Yọ

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún tí ìwé Adébùnmí jáde ni Alhaja Nímọ́tà dá a dúró níbi kànga.

“Tíṣà, ibo ni ìyókù wà?”

Alhaja ni ìyàwó onílé. Ẹ̀gbẹ́dá nilé ọ̀hún wà, yàrá mẹ́wàá tí ilẹ̀kùn wọn kọjú síra wọn, Adébùnmí sì wà ní yàrá kẹsàn-án, ọwọ́ ẹ̀yìn. Ó gbé kéègì omi sílẹ̀.

“Ìyókù kí ni, mà?”

“Ìyókù ìwé ẹ. Mo kà á títí, mo dé ìparí, n ò rí ìparí.”

Ká sòótọ́, inú Adébùnmí kọ́kọ́ dùn ni. Láti ìgbà tí ìwé ti jáde, kò tíì sí ẹnì kan tó bi í ní ìbéèrè gidi. Àwọn tó rà á, ohun tí wọ́n ń sọ ò ju “Ẹ kú iṣẹ́ o” àti “Ṣé wọ́n á máa fi í ṣe ìdánwò ni?” lọ. Ló bá rọra fi ọwọ́ nu ojú, ló sọ̀rọ̀ bíi tíṣà.

“Alhaja, bí àwa òǹkọ̀wé ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ẹ mọ̀ pé a kì í sọ gbogbo ẹ̀ tán. A máa ń fi díẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni tó ń kà á lè ronú.”

“Kí n ronú kẹ̀? Mo fowó mi ra ìwé, èmi náà ni n ó tún máa ronú ẹ̀? Kí ni wá niṣẹ́ tìẹ?”

Adébùnmí rẹ́rìn-ín, ó gbé omi, ó wọlé. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ń yọ ọ́ lẹ́nu ṣá. Torí nínú ìwé tó kọ, kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ló sọ. Ojú ìwé mẹ́rin gbáko ló fi sọ ọ́. Ló bá fa ìwé kan yọ nínú ìdì tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ṣí i láti ẹ̀yìn.

Ojú ìwé mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ohun tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni: *Morẹ́nikẹ́ gbé àpótí ẹ̀ lérí, ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, ó sì*

Ó tán. Ẹ̀yìn ìwé ló kàn.

Ó ṣí òmíràn. Ó sì. Ó tú ìdì kejì, ó tú ìkẹta. Ó sì, ó sì, ó sì. Ọ̀ọ́dúnrún ìwé, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tí Morẹ́nikẹ́ jáde nínú ẹ̀.

Ẹ má bi mí pé ṣé kò yẹ ìwé wò kó tó gbà á ni. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́ Jímọ̀ ló lọ kó o, ọjọ́ Sátidé ni ìkówèéjáde. Ó wo iwájú, ó rí orúkọ ẹ̀ gàdàgbà, ADÉBÙNMÍ ỌLÁNÍYAN, lábẹ́ *Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìnkùlé*. Ó ṣí ojú ìwé kìíní, ó ka ìlà méjì, omi ti kún ojú ẹ̀. Ta ló máa ń yẹ ẹ̀yìn wò nígbà tí omi bá wà lójú?

Ọdún mẹ́ta ló fi kọ ọ́, sínú ìwé ìkọ̀wé àwọn ọmọ ilé-ìwé, lẹ́yìn tó bá ti máàkì iṣẹ́ wọn tán. Ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé kan n’Íbàdàn dá a padà pé àwọn ò tẹ ìtàn mọ́, ìwé tí ọmọléèwé á fi yege ni àwọn ń wá. Ó ní kò burú, òun á tẹ̀ ẹ́ fúnra òun. Àti pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú, torí ojú ìwé mẹ́rin yẹn ló ṣe kọ gbogbo èyí tó kù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ìyá ẹ̀ di àpótí nílé bàbá ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló jókòó lé e lórí láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ló tún tú u tó kó aṣọ padà sí orí okùn. Inú ilé yẹn ló kú sí. Adébùnmí fẹ́ kó wà lákọsílẹ̀ níbì kan láyé yìí pé obìnrin kan gbé àpótí, ó sì jáde. Ibẹ̀ gan-an ni bébà wá tán sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gba ààyè níléèwé, ó di Ìkọ̀tun, ọ̀dọ̀ Bọ̀ọ̀dá Julius atẹ̀wé.

Ṣọ́ọ̀bù Julius ò tóbi. Ẹ̀rọ kan tó ń mi ilẹ̀ tìtì bó bá ń ṣiṣẹ́, kálẹ́ńdà ní gbogbo ara ògiri, òórùn íńkì. Pírógíráàmù ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé ìkésíni, kálẹ́ńdà ẹgbẹ́, àwọn yẹn niṣẹ́ ẹ̀ gan-an. Bó ṣe rí Adébùnmí ló ti na ọwọ́ méjèèjì sókè.

“Àǹtí Tíṣà! Òǹkọ̀wé ńlá! Ẹ ti gbé èkejì dé?”

“Bọ̀ọ̀dá Julius, ojú ìwé mẹ́rin dà?”

Adébùnmí rò pé á jiyàn ni. Á ní irọ́ ni, á ní kí ó fi han òun. Rárá o.

“Àwọn yẹn? Mo yọ wọ́n.”

Bí ẹni yọ òkúta nínú ìrẹsì ló ṣe sọ ọ́.

“Ẹ yọ wọ́n?”

“Ẹ má bínú ná. Ẹ jókòó. Ẹ wò ó.” Ó fa bébà ńlá kan jáde, ó ká a lẹ́ẹ̀kan, ó ká a lẹ́ẹ̀kejì, ó ká a lẹ́ẹ̀kẹta, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì. “Ojú ìwé mélòó nìyẹn? Mẹ́rìndínlógún. Bí ìwé ṣe ń rí nìyẹn, Ọlọ́run ló dá a bẹ́ẹ̀. Bébà mẹ́fà ni mo lò fún ìwé yín, ó jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún lẹ̀yin kọ. Mẹ́rin wá yọ síta bí ìka ẹsẹ̀ kẹfà. Ṣé kí n torí mẹ́rin ya odidi bébà mìíràn? Nínú ọ̀wọ́n SAP yìí? Tí bébà ti di góòlù?”

“Ẹ ò lè sọ fún mi ni?”

“Ìkówèéjáde yín ti kù ọ̀la. N ò fẹ́ kí ara yín gbóná. Mo sì kà á dáadáa kí n tó yọ ọ́ o, ẹ má rò pé mo kàn ṣe é bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà ti gbé àpótí. Ó ti di ilẹ̀kùn mú. Ta ni ò mọ̀ pé ó ń lọ? Bá a ṣe máa ń ṣe é fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Bí pírógíráàmù bá gùn jù, orin ìparí àti oore-ọ̀fẹ́ la máa ń gé. Gbogbo ayé ló mọ oore-ọ̀fẹ́ lórí. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń gé e, alùfáà kan ò bá mi jà rí.”

“Bọ̀ọ̀dá Julius, ṣé oore-ọ̀fẹ́ ló wà nínú ìwé tèmi?”

“Ẹ tiẹ̀ wò ó bẹ́ẹ̀ náà, àǹtí. Ìparí ni ìparí ń jẹ́.”

Orí Adébùnmí gbóná débi pé ẹ̀rín ló fẹ́ pa á. Ó ní ó dáa, kí ó tẹ mẹ́rin yẹn lọ́tọ̀. Julius fi ọwọ́ ha irùngbọ̀n. Ó ní àwọn lẹ́tà onírin tí òun fi tò ó ti wà nínú kálẹ́ńdà ẹgbẹ́ àwọn bíríkìlà báyìí, òun á ní láti tún un tò látìbẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n fún òun ní oṣù méjì. Bóyá mẹ́ta. Tí Adébùnmí ń jáde lọ, ó ṣì ń pè é.

“Àǹtí Tíṣà! Ìwé yẹn dùn o! Mo fi ọ̀kan fún ìyàwó mi, ó ní kí n bi yín, ṣé ó lọ lóòótọ́?”

Níléèwé tí Adébùnmí ti ń ṣiṣẹ́ n’Ígàndó, ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n fi ń tẹ ìbéèrè ìdánwò. Wọ́n á kọ́kọ́ fi táípúráítà kọ ọ̀rọ̀ sórí bébà olóròóró kan tí wọ́n ń pè ní sítẹ́ńsù, wọ́n á gbé e sórí ẹ̀rọ, wọ́n á wá máa fi ọwọ́ yí i. Ọ̀gá àgbà ní kí Adébùnmí lò ó, tó bá ti lè ra bébà tiẹ̀, tó bá sì ti lè fún òun ní ìwé kan lọ́fẹ̀ẹ́, kó fọwọ́ sí i. Lucy, tíṣà kíláàsì kẹrin, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tímọ́tímọ́, ló bá a yí ẹ̀rọ náà fún ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ. Àmì orí ọ̀rọ̀ ò sí lórí táípúráítà, nítorí náà ọwọ́ ni Adébùnmí fi ha wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ọrùn ẹ̀ fi fẹ́ kán. Íńkì wọ èékánná wọn, ó wọ aṣọ, ó dé ojú Lucy.

“Bùnmí,” Lucy ní, “mo ti gbọ́ pé òǹkọ̀wé máa ń jìyà. Wọn ò sọ fún mi pé ọ̀rẹ́ òǹkọ̀wé náà wà níbẹ̀.”

“Yí i lọ jàre.”

“Mò ń yí i. Àmọ́ ìwọ nìkan ni mo mọ̀ láyé yìí tó ta ìtàn fún èèyàn lọ́jọ́ Sátidé, tó wá ń gbé ìparí ẹ̀ bọ̀ nínú náílọ̀n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.”

Ewé méjì-méjì ni fún ìwé kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó wà nílé rọrùn, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n. Àmọ́ ìwé mọ́kànlélógójì ti wà níta. Adébùnmí ní orúkọ gbogbo àwọn tó rà á, ó gbé báàgì, ó gbé gọ́ọ̀mù, ó bọ́ sọ́nà.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ má tẹ ìwé o. Tẹ́ ẹ bá tẹ ìwé, ẹ má lọ wo ibi tó wà.

Ìyá ìjọ kan ní Òkè-Odò ti to tiẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù onídíńgí, àárín àwo àlejò méjì. Kò tíì ṣí i. Ó ní kí Adébùnmí jọ̀ọ́ má fi gọ́ọ̀mù ba ìwé òun jẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Babárìndé lẹ́bàá iléèwé Command ti yá ẹnì kan, ẹni yẹn ti yá ẹnì kan, ẹni yẹn ti kó lọ sí Abẹ́òkúta. Obìnrin kan ní òun rò pé ìwé àdúrà ni. Òmíràn gba ewé méjèèjì, ó dúpẹ́, ó sì fi ọ̀kan nínú ẹ̀ bo kọ́ọ̀bù omi lójú Adébùnmí nítorí eṣinṣin.

Nàfíù télọ̀ ló wá burú jù, torí òun kà á. Ó máa ń kà á sókè ní ṣọ́ọ̀bù fún àwọn oníbàárà tó bá jókòó de aṣọ. Bí Adébùnmí ṣe ṣàlàyé ohun tó bá wá, ó bọ́ awò ojú.

“Ẹ má ṣèyọnu, àǹtí. Àwa ti parí ẹ̀.”

“Ẹ ti parí kí ni?”

“Ìtàn náà. A débẹ̀ lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, a rí i pé ọ̀rọ̀ já. A bá jókòó, a dìbò. Èèyàn mẹ́fà la wà ńbẹ̀. Mẹ́rin ní kí Àkàndé já sí kànga. Ó ti kú.”

“Àkàndé ò kú! Ọkọ Morẹ́nikẹ́ ò kú! Ó wà láàyè, ó ń wò ó bó ṣe ń lọ. Ìyẹn gan-an ni ìtàn!”

Nàfíù gba ewé náà, ó kà á pẹ̀lú sùúrù, ó ń mi orí.

“Èyí náà dáa. Kò burú rárá. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn tó bá wù yín. Àmọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, Àkàndé ti kú. Kí n wá sọ fún wọn pé ó jí?”

Bó ṣe ń rìn bọ̀ wálé nìyẹn, eruku lára, gọ́ọ̀mù ti dà sínú báàgì, mẹ́sàn-án péré ló rí lẹ̀ nínú mọ́kànlélógójì. Ohun tó wù ú ò ju kó na ẹ̀yìn sílẹ̀. Àfi bí Alhaja Nímọ́tà ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀, tó ń fi ọwọ́ pè é.

“Tíṣà, wọlé. Ti ilẹ̀kùn.”

Adébùnmí jókòó. Ó ti mú ewé méjì jáde. “Alhaja, mo ti rí ìyókù. Ẹ ò purọ́ rárá, atẹ̀wé ló—”

“Mo ti gbọ́. Lucy ti sọ fún mi. Gbé e sílẹ̀ ná.” Alhaja sún mọ́ ọn. “Ìwọ náà ń rí Sàúdátù.”

Ta ni ò rí i? Sàúdátù ni àbígbẹ̀yìn Alhaja. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti Abúlé Ẹ̀gbá, ilé ọkọ, dé pẹ̀lú àpótí kan. Ọkọ ẹ̀ gbé fíríìsà tí Sàúdátù fi ń ta omi tútù, ó gbé e fún ìyàwó tuntun. Nígbà tó bi í, ọkọ gbá a létí. Láti ìgbà tó ti dé, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á kàn jókòó ní kọ́rídọ̀ nírọ̀lẹ́ níbi tí Alhaja, tó kọ́ ìwé kíkà ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbà, ti máa ń ka *Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìnkùlé* fún àwọn obìnrin ilé.

“Nígbà tí mo dé ibi tí ìwé ẹ já sí,” Alhaja ní, “gbogbo wọn ń wò mí. Òun náà ń wò mí. Mo bá sọ ọ́ fún wọn.”

“Ẹ sọ kí ni, mà?”

“Mo ní bó ṣe di ilẹ̀kùn mú, ó rántí àwọn ọmọ ẹ̀, ó gbé àpótí sọ̀. Àwọn àgbà wá, wọ́n bá ọkọ wí, wọ́n parí ìjà. Ó padà sílé ọkọ ẹ̀.”

Ojú ìyá tiẹ̀ ni Adébùnmí rí, lórí àpótí, lọ́sàn-án gangan.

“Alhaja, kì í ṣe bó ṣe parí nìyẹn.”

“Mo mọ̀ ná. Àmọ́ lọ́la lẹ́yìn Jímọ̀, Alhaji àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Bàbá Yésúfù, fẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí. Lọ́jọ́ Sátidé àwọn àna wa ń bọ̀ wá mú un. Sàúdátù ní òun ò lọ. Ó ní ẹni tó kọ ìwé nìkan ló mọ bí obìnrin yẹn ṣe ṣe. Ẹnu ẹ ló ti fẹ́ gbọ́ ọ. O ṣáà máa wá, o máa ní ó padà. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ìwọ náà ló kúkú kọ ọ́, o lè yí i padà, àbí wọ́n á mú ẹ?”

“Alhaja...”

“Ọmọ mi ni, Tíṣà. Bí kò bá padà, bàbá ẹ̀ ní kò ní í sùn nínú ilé òun. Níbo ló fẹ́ lọ? Ṣé kí n máa wò ó níta ni?” Ó dìde, ó tún ìborùn ṣe. “Ilé wa náà lò ń gbé o.”

Ẹ gbọ́ mi, inú bí Adébùnmí. Inú bí i sí Julius, inú bí i sí Nàfíù, inú bí i sí kọ́bọ́ọ̀dù onídíńgí. Atẹ̀wé gé ìparí ìwé òun, télọ̀ dìbò lé e lórí, ìyàwó onílé kọ tiẹ̀. Báyìí wọ́n wá ní kí òun alára fi ẹnu òun pa á. Kí wá ni òun tí òun kọ ìwé? Akọ̀wé kóòtù?

Lọ́jọ́ Jímọ̀, aago mẹ́ta ọ̀sán, wọ́n ránṣẹ́ pè é sí pálọ̀. Alhaji Tàjùdíìnì onílé wà lórí àga, Bàbá Yésúfù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Alhaja jókòó sílẹ̀. Sàúdátù wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Adébùnmí kúnlẹ̀, ó kí wọn.

“Tíṣà,” Alhaji ní, “wọ́n ní obìnrin kan wà nínú ìwé rẹ. Ọmọ yìí ò jẹ́ ká sinmi lórí ẹ̀. Sọ fún un. Ṣé ó padà àbí kò padà?”

Alhaja ń wo Adébùnmí. Sàúdátù ń wò ó. Ọ̀rọ̀ kan péré.

“Ẹ jẹ́ kí n kà á, sà,” ló jáde lẹ́nu ẹ̀.

Ó tú ewé méjì náà. Íńkì ṣì wà lábẹ́ èékánná ẹ̀. Ó kà á látòkè délẹ̀. Ó ka bí Morẹ́nikẹ́ ṣe ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Bí Àkàndé ṣe dúró lẹ́yìn ẹ̀ tó ní, “Tó o bá jáde, má padà.” Bó ṣe dá a lóhùn pé, “Mo gbọ́,” tí kò sì wẹ̀yìn. Ó ka bó ṣe gba ẹ̀gbẹ́ oko ìlá kọjá, tí oòrùn ń yọ, tí ẹnì kan ò pè é padà. Ó kà á dé ibi tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ híhun, tó kọ orúkọ ara ẹ̀ sí iwájú ẹ̀. Ó tán.

Ó ti ń retí ọjọ́ tí òun á kà á fún ẹnì kan láti bí ọdún mẹ́ta. Ó rò pé wọ́n á dákẹ́ pẹ́. Bàbá Yésúfù ló kọ́kọ́ lanu.

“Ta ló fún un lówó ṣọ́ọ̀bù?”

“Sà?”

“Ṣọ́ọ̀bù. O ní ó gbé àpótí kan jáde láàárọ̀, mo wá ń gbọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ta ló dá a sílẹ̀ fún un?”

“Ó... ó ṣiṣẹ́, sà.”

“Iṣẹ́ wo?”

Alhaji náà dá sí i. “Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n wà?”

Adébùnmí ń wo bébà bí ẹni pé èsì á yọ níbẹ̀. Ó fẹ́ ké. Ní gbogbo ayé yìí, ẹni mélòó ló ti ka ojú ìwé mẹ́rin yìí? Wọ́n wá kà á tán, wọ́n ń máàkì ẹ̀!

Ìgbà náà ni Sàúdátù sọ̀rọ̀. Kò sọ ọ́ sókè.

“Àǹtí Bùnmí, ẹ má bínú. Lálẹ́ ọjọ́ tó jáde gan-an. Kó tó kan ṣọ́ọ̀bù. Níbo ló sùn?”

Kò sí níbẹ̀. Adébùnmí mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Láti ojú ìwé méjìdínlọ́gọ́rùn-ún sí ọgọ́rùn-ún, òwúrọ̀ ló fo lọ sí òmíràn, bí ẹni pé obìnrin kì í sùn. Ìyá ẹ̀ náà, bóyá ohun tó jókòó ń rò lórí àpótí títí di ọ̀sán nìyẹn. Kì í ṣe ilẹ̀kùn. Bóyá ibi tí yóò sùn.

“Tíṣà, ọmọ ń bi ẹ́,” Alhaji ní. “Níbo ló sùn? Torí ẹni tí kò bá padà lọ́la, mo ti sọ ọ́, kò ní í sùn nínú pálọ̀ yìí, kò ní í sùn lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀.”

“Yàrá mi ló sùn,” Adébùnmí ní.

Gbogbo wọn gbójú sókè.

“Yàrá ta ni?”

“Yàrá kẹsàn-án, sà.” Ó ti bọ́, kò ṣe é gbé mì mọ́. “Mo ti sanwó ẹ̀ di Dìsẹ́ńbà. Ẹ̀yin náà lẹ fọwọ́ sí rìsíìtì. Ẹ ò sọ níbẹ̀ pé n ò lè gba àlejò.”

Bàbá Yésúfù wo àbúrò ẹ̀, ó wo Tíṣà, ejìká ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi gbé tẹ̀sùbáà sílẹ̀.

“Tàjù, ó mú ẹ. Wàláhì ó mú ẹ. Ìwọ lo gbowó.”

“Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ nìyí o!”

“Mo mọ̀. Jẹ́ kí àwọn àna wá lọ́la, ká gbọ́ tẹnu wọn. Kí wọ́n gbé fíríìsà ọmọ dání wá ná. Kí ni ìkánjú?”

Alhaji dìde, ó fi ìbínú ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó jáde. Alhaja wo Adébùnmí bí ẹni wo olè, ó tẹ̀lé ọkọ ẹ̀.

Sàúdátù gbé àpótí ẹ̀ láti iwájú ilé wá sẹ́yìn ilé. Kò ju ìṣísẹ̀ ogún lọ. Ìwé kún yàrá kẹsàn-án débi pé kò síbi tí wọ́n fẹ́ gbé àpótí sí, àfi kí wọ́n ti ìdì mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù. Sàúdátù jókòó, ó gba ewé náà, ó ń fi ìka tọ́ ọ, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀.

“Àǹtí Bùnmí, àyè ṣì wà nísàlẹ̀ ibí. Ẹ ò ṣe kọ ibi tó sùn síbẹ̀?”

“Sàúdátù, ìwé ti jáde.”

“Ẹ fi bírò kọ ọ́.”

“Nínú ọ̀ọ́dúnrún ìwé? Pẹ̀lú ọwọ́ yìí tó ti fẹ́ já?”

“Ó ṣì kù díẹ̀ káàtó ni. Mo ṣáà sọ tèmi. Ó dùn o. Àmọ́ kò pé.”

Kò pé! Ọlọ́run ọba. Lẹ́yìn íńkì, lẹ́yìn gọ́ọ̀mù, lẹ́yìn Ìkọ̀tun, lẹ́yìn gbogbo ẹ̀. Adébùnmí ti fẹ́ dá a lóhùn burúkú kan nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Oòrùn ò tíì wọ̀, wọn ò tíì pe ìrun àṣálẹ́. Alhaja ni. Ẹní wà lábẹ́ apá ẹ̀, àwọ̀n ẹ̀fọn wà lórí ẹní. Kò wo ojú ọmọ ẹ̀.

“Ẹ̀fọn pọ̀ lẹ́yìn ilé níbí,” ó ní, ó jù ú sílẹ̀.

“A dúpẹ́, mà.”

Alhaja ò lọ. Ó dúró, ó ń wo ìdì ìwé, ó ń wo àjà. Ó wá fa ìwé tiẹ̀ yọ lábẹ́ ìborùn, èyí tó ti ń kà fún wọn ní kọ́rídọ̀, epo ti ta sí i lẹ́yìn.

“Ewé méjì yẹn dà? Lẹ̀ ẹ́ mọ́ tèmi.”

Adébùnmí wo báàgì. “Gọ́ọ̀mù ti dànù, mà. Ọ̀la ni n ó tó rà.”

“Ẹ̀bà àárọ̀ wà lọ́dọ̀ mi. Ó ń lẹ bébà ju gọ́ọ̀mù lọ.” Ó ti ń lọ bù ú, ló bá tún yíjú padà lẹ́nu ilẹ̀kùn. “N ò sọ pé ohun tó o kọ dáa o, Tíṣà. Ìwé tí mo bá fowó mi rà ni mo fẹ́ kó pé.”